Ẹ Jẹ́ Kí Á Pe Àwọn Àgbà Wa Jọ Kí Wọ́n Rántí

(Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ kan, ọmọ bíbí ìlú yìí, sọ níwájú ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa ní Òtu)

    

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lónìí, mo mọ̀ pé wọ́n retí kí èmi olùkọ́ sọ̀rọ̀ nípa ilé ìwé. Lọ́dọọdún ni a ń dá owó fún àga ilé ìwé, fún ọ̀nà, fún omi àti fún ilé ìwòsàn, gbogbo rẹ̀ ni ó sì dára. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a ní ní ìlú yìí tí a kò dá kọ́bọ̀ fún rí, tí ó sì ń dín kù ní gbogbo ìgbà tí a bá gbọ́ igbe ọ̀fọ̀ ní agboolé kan. Ohun náà ni ìrántí àwọn àgbà wa. Ẹ̀bẹ̀ tí mo wá bẹ̀ ni pé kí á máa pe wọ́n jọ, kí á fún wọn ní àga, kí á fún wọn ní àkókò, kí wọ́n máa jùmọ̀ rántí ohun tí ojú wọn ti rí, kí àwa náà sì máa gbọ́.

N kò lè sọ ọ̀rọ̀ yìí láì kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tèmi. Ìyá mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, fẹ́ràn láti máa sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin kan tí ó lọ sí Gòólù Kóòsì kí a tó máa pe ibẹ̀ ní Gánà. Bí mo bá ti ilé ìwé dé ní ìrọ̀lẹ́, tí mo kó ìwé iṣẹ́ àwọn ọmọ sílẹ̀ tí mo fẹ́ máa máàkì wọn, ni yóò bẹ̀rẹ̀: bí ẹ̀gbọ́n òun ti gbé àpò lé èjìká, bí ìyá wọn ti sunkún sìn ín dé ẹ̀yìn odi, bí lẹ́tà rẹ̀ ti ń wá tẹ́lẹ̀, àti bí kò ti bá àwọn yòókù padà nígbà tí wọ́n lé wọn kúrò ní ilẹ̀ náà. Èmi a sì dáhùn pé, "Màmá, ẹ ti sọ ọ́ fún wa lánàá." Nígbà mìíràn n kò tilẹ̀ gbé ojú sókè kúrò lára ìwé. Lọ́jọ́ kan ó wò mí títí, ó ní, "Ó dára, olùkọ́, n kò ní sọ ọ́ mọ́." Kò sì sọ ọ́ mọ́ títí ó fi kú.

Ó lé díẹ̀ ní ọdún méjì lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀ ni iṣẹ́ kan dé sórí fóònù ọ̀kan nínú àwọn akọ̀wé wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni ó kọ ọ́ láti Tamale, ní ìhà àríwá Gánà. Ó ní bàbá tí ó bí bàbá òun ti kú tipẹ́. Òtu ní Òkè-Ògùn ni ó sọ fún wọn pé òun ti wá. Àjàní ni oríkì rẹ̀. Abọ́ tánńganran ni ó sì ń tà. Ọmọ náà ní òun kò wá ilẹ̀, òun kò sì wá owó. Òun kàn fẹ́ mọ ilé tí àwọn ti ṣẹ̀ wá ni. Akọ̀wé bi mí, nítorí wọ́n rò pé olùkọ́ mọ ohun gbogbo. Mo dáhùn pé Àjàní pọ̀ ní Òtu, n kò mọ èyí tí ó jẹ́.

Ọpẹ́lọpẹ́ àwọn ìyá àgbà mẹ́ta kan tí wọ́n jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, tí wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Bí ẹní ń kọjá lọ ni mo fi ọ̀rọ̀ náà bi wọ́n. Ìyá kìíní ní Àjàní mẹ́ta ni òun mọ̀ tí ó lọ sí Gòólù Kóòsì. Ìyá kejì ní èyí tí ó ń ta abọ́ nínú wọn, aláró ni ìyá rẹ̀, nítorí pé òun bá wọn pọn omi sí ìkòkò aró nígbà tí òun wà lọ́mọdé. Àwọn méjèèjì wá ń jiyàn lórí ọdún tí ó lọ. Ọ̀kan ní ọdún tí ọ̀sán di òru ni. Èkejì ní kò tíì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, pé ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ kó àwọn ọmọdé lọ sí ilé ìwé ọ̀fẹ́ ni. Ìyá kẹta, tí kò tíì sọ ohun kan, ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì orílẹ̀ ilé kan. Bí ó ti kì í dé àárín ni ó dákẹ́, ó wò mí lójú, ó ní, "Olùkọ́, ṣé kì í ṣe ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ ni à ń wí yìí?"

Ẹ̀yin ará mi, ojú tì mí. Ohun tí ìyá mi fẹ́ fi lé mi lọ́wọ́ ní alaalẹ́ ni ọmọ náà ti òkèèrè wá ń tọrọ. Èmi àti rẹ̀ ń bá ara wa sọ̀rọ̀ nísinsìnyí. Ó bi mí bí bàbá àgbà òun ti rí nígbà èwe rẹ̀. N kò ní ohun tí mo lè sọ ju èyí tí àwọn ìyá mẹ́ta náà rántí lọ. Èyí tí ó pọ̀ jù ti bá ìyá mi lọ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí bí àwọn ìyá náà ti ṣe é. Kò sí ẹni tí ó mọ gbogbo rẹ̀ nínú wọn. Bí mo bá lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan nínú yàrá wọn, bóyá ni n bá rí ìdáhùn. Ọ̀rọ̀ ẹnìkìíní ni ó jí ti ẹnìkejì, iyàn ti àwọn méjèèjì ni ó sì jí oríkì lọ́kàn ẹnìkẹta. Ẹ tún wo bí wọ́n ti ń ka ọdún. Ọ̀sán tí ó di òru ni ọjọ́ tí òṣùpá bo oòrùn mọ́lẹ̀, ogúnjọ́ oṣù Karùn-ún 1947. Ilé ìwé ọ̀fẹ́ ni èyí tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní 1955. Àwọn ìyá tí kò ka ìwé kankan fi ohun méjì tí gbogbo ayé rí díwọ̀n ọdún tí ọmọkùnrin kan fi ilé sílẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Àgbájọ ìrántí ni a sì fi ń mọ ìtàn.

Ọ̀rọ̀ Gánà yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé kan ṣoṣo. Àwọn ènìyàn Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbòho, Ṣakí, Ìgbẹ́tì, Ìnísà àti ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn ni ó ti fìdí kalẹ̀ sí ibẹ̀ láti ìgbà àwọn baba ńlá wa, tí wọ́n ń ṣòwò láti Kumasi dé Tamale. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Dókítà Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò bá ní ìwé àṣẹ ìgbélùú kó jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì péré. Àwọn tí a bí sí ibẹ̀ tí wọn kò mọ ilé rí, àwọn tí ọjà wọn ṣì wà ní ìsọ̀, gbogbo wọn ni wọ́n di ẹrù. Àwa náà sì ṣe bẹ́ẹ̀ sí àwọn ará Gánà ní 1983, kí a má tan ara wa. Ọ̀mọ̀wé kan tí ń jẹ́ J. S. Eades ṣe ìwádìí láàárín àwọn oníṣòwò Yorùbá ti Tamale, ó sì tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1993. Ìwé náà yóò sọ bí òwò ti rí fún wa. Ṣùgbọ́n ohun tí ìyá kan dì sínú ẹrù rẹ̀, ohun tí ó fi sílẹ̀, àti ẹni tí ó kọ̀ láti gun ọkọ̀, ẹnu àwọn tí ó bọ̀ nìkan ni a ti lè gbọ́ ọ. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ́jọ́ náà ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín.

Èyí tí ó ti bọ́ lọ́wọ́ wa ṣáájú rẹ̀ tó kí ó kọ́ wa lọ́gbọ́n. Ní 1916 ni ọ̀tẹ̀ ńlá bẹ́ ní Ìsẹ́yìn àti Òkèhò, tí àwọn ènìyàn dìde sí ìjọba amúnisìn. Kò sí ẹni tí ojú rẹ̀ tó o tí ó ṣì wà láàyè. Ohun tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí a kọ sílẹ̀ nígbà náà, ọwọ́ àwọn aláṣẹ òyìnbó ni ó ti wá. Wọ́n kọ ọ́ bí ó ti rí lójú ẹni tí a ṣọ̀tẹ̀ sí.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àṣà àjèjì ni mo fẹ́ mú wọ ìlú. Láti ayébáyé ni àwọn arọ́kin ti wà ní ààfin Ọ̀yọ́, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa rántí. Lọ́wọ́ irú wọn àti lọ́wọ́ àwọn àgbà bí David Kukomi ní Ìbàdàn àti Lágúnjú, Tìmì Ẹdẹ, ni Àlùfáà Samuel Johnson ti gba ìtàn tí ó kọ. Ó parí ìwé náà ní 1897. Ìwé náà sọnù lọ́wọ́ àwọn tí ó yẹ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òun tìkára rẹ̀ kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó fi àkọsílẹ̀ tí ó kù tún un kọ, tí a fi tẹ̀ ẹ́ ní 1921. Bí Johnson bá ti sọ fún àwọn àgbà wọ̀nyẹn pé, "Ẹ ti sọ ọ́ fún wa lánàá," kí ni à bá máa kà lónìí? Ṣùgbọ́n ìwé ìtàn gbogbo Yorùbá kò lè ka agboolé kọ̀ọ̀kan ní Òtu, ní Kòmú, ní Ìpàpó tàbí ní Ọ̀kákà. Iṣẹ́ tiwa nìyẹn.

Yàtọ̀ sí àǹfààní ìlú, àǹfààní wà nínú rẹ̀ fún àgbà fúnra rẹ̀. Fún ìgbà pípẹ́ ni àwọn dókítà òyìnbó fi rò pé bí arúgbó bá ń sọ̀rọ̀ àtijọ́ ní gbogbo ìgbà, ọpọlọ rẹ̀ ni ó ti ń rẹ̀. Dókítà ọpọlọ kan ní Amẹ́ríkà, Robert Butler, tí ó ti ń bá àwọn arúgbó tí ara wọn dá sọ̀rọ̀ láti 1955, ni ó kọ ọ́ ní 1963 pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní iṣẹ́ tí ó yẹ ọjọ́ ogbó ni: ẹni tí ó ti rìn jìnnà ń wo ẹ̀yìn láti mọ ohun tí ìrìn náà jẹ́, kí ó sì bá ara rẹ̀ làjà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn arúgbó jọ láti rántí. Ní London, ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ Age Exchange bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní 1983, wọ́n sì ṣí ilé kan fún un ní Blackheath ní 1987. Àwọn baba wa ti mọ èyí tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè.

N kò ní ta àsọdùn fún yín. Àrùn ìgbàgbé wà, ó sì ń mú àwa náà. Ìwádìí tí àwọn dókítà Ìbàdàn àti ti Indiana ní Amẹ́ríkà jọ ṣe ní Ìdíkàn, Ìbàdàn, láti 1992, tí wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2001, fi hàn pé iye àgbà tí àrùn náà ń mú lọ́dọọdún níbẹ̀ kò tó ìdajì iye tí ó ń mú láàárín àwọn ènìyàn dúdú ní Indianapolis. Ṣùgbọ́n ó ń mú wọn. Ìjókòó ìrántí kì í ṣe oògùn rẹ̀. Àyẹ̀wò kan tí ó kó ìwádìí 22 jọ ní 2018 rí i pé ó ń ṣe irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ ní àǹfààní díẹ̀, kì í sì í ṣe bákan náà níbi gbogbo. Síbẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú irú ìyá bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé ó lè gbàgbé oúnjẹ òwúrọ̀, kí ó má sì gbàgbé orin tí wọ́n kọ nígbà tí ó relé ọkọ. Ibi tí ilẹ̀kùn ṣì ṣí sílẹ̀ ni ẹ jẹ́ kí á gbà wọlé tọ̀ ọ́.

Báwo ni a ó ti ṣe é? Ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, wọ́n kọ́ wa pé láti inú ohun tí ọmọ mọ̀ ni kí á ti mú un dé ibi tí kò mọ̀, kí á sì fi ohun tí ọwọ́ lè dìmú bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Bẹ́ẹ̀ ni kí á ṣe níhìn-ín.

Kí á pe ènìyàn mẹ́fà sí mẹ́jọ, lọ́kùnrin lóbìnrin, lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ní ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà. Mùsùlùmí, Onígbàgbọ́ àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ni kí ó jókòó pọ̀. Kí á gbé ohun kan sí àárín wọn: ẹ̀pìnì àti ónínì tí ó ní ihò láàárín, àtùpà elépo, ìrànwú, ewé tábà bí èyí tí àwọn àgbẹ̀ Òkè-Ògùn ń gbìn fún ilé iṣẹ́ sìgá, tàbí fọ́tò àtijọ́ kan. Kí ẹnikẹ́ni má bi wọ́n pé, "Ẹ sọ ìtàn ìlú." Ìbéèrè yẹn ti tóbi jù. Ẹ bi wọ́n pé, "Kí ni ẹ fi ónínì yìí rà rí?" Ẹ ó rí i pé ọjà gbogbo yóò ti ẹnu wọn jáde. Bí ọdún bá ta kókó, ẹ fi ohun tí gbogbo wa mọ̀ tú u: ṣé kí ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọwọ́ ọ̀tún ní oṣù Kẹrin 1972 ni, tàbí lẹ́yìn tí náírà dé ní oṣù Kìíní 1973?

Bí àgbà méjì bá sọ ọ́ lọ́nà méjì, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́nà méjèèjì. Ẹ má ṣe dá ẹnìkan lẹ́bi lójú agbo. Ìjókòó náà kì í ṣe kóòtù: a kò ní fi pín ilẹ̀, a kò ní fi jẹ oyè, a kò sì ní bèèrè ohun awo lọ́wọ́ awo. Bí ẹnìkan bá dé ibi tí ó dùn ún, tí ó sunkún, ẹ jókòó tì í. Bí ó bá ní òun kò sọ mọ́, ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò lè rìn mọ́, kí ẹni méjì nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ bá a ní ilé. Kí àwọn ọmọ ilé ìwé wa gba ohùn wọn sórí fóònù pẹ̀lú ìyọ̀ǹda wọn, kí wọ́n kọ ọ́ sí ìwé, kí wọ́n kọ ọjọ́ sí i, kí wọ́n kà á sí wọn létí ní oṣù kejì kí wọ́n lè ṣe àtúnṣe. Ẹ̀dà kan yóò wà ní agboolé onítàn, èkejì ní ọwọ́ ẹgbẹ́. Gbogbo ìnáwó rẹ̀ kò ju ẹ̀kọ àti àkàrà lọ, àti owó ọ̀kadà fún ẹni tí ilé rẹ̀ jìnnà.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní òkè òkun, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín púpọ̀. Àwọn kan nínú yín ti mú ìyá wọn lọ sí London tàbí Houston láti bá wọn wo ọmọ. Ìyá náà wà nínú ilé tí ó móoru, tí oúnjẹ pọ̀ nínú rẹ̀, láti òwúrọ̀ di alẹ́, láìsí ẹni tí ó mọ oríkì rẹ̀. Ẹ rántí ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Kossola, ọmọ ìlú tí ń sọ èdè Yorùbá ní ilẹ̀ Benin òní, ẹni tí àwọn ọmọ ogun Dàhómì mú tí a sì tà. Ọkọ̀ ojú omi Clotilda gbé òun àti nǹkan bí 110 ènìyàn dé Alabama ní 1860. Cudjo Lewis ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Nígbà tí obìnrin òǹkọ̀wé kan, Zora Neale Hurston, lọ bá a ní 1927, tí ó sì pe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ní ilé, omi ayọ̀ ni ó bọ́ lójú bàbá náà. Hurston a máa mú èso lọ fún un kí àwọn méjèèjì jọ jẹ ẹ́. Bí bàbá bá ní òun kò fẹ́ sọ̀rọ̀ lónìí, a padà sílé. Kossola kú ní 1935. Ìwé tí ó ti ẹnu rẹ̀ jáde kò bọ́ sí ìta títí di 2018. Ẹ pe àwọn ìyá yín ní oríkì wọn. Bí ìyá mẹ́rin láti Òkè-Ògùn bá wà ní ìlú kan náà, ẹ máa gbé wọn pàdé ara wọn. Bí wọ́n bá jìnnà síra wọn, fóònù yóò so wọ́n pọ̀ mọ́ agbo tiwa nílé.

Alága, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. N kò béèrè owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ lónìí. Bí ẹ bá fọwọ́ sí i, èmi yóò fi iyàrá ìkàwé mi àti àga mẹ́jọ bẹ̀rẹ̀ ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù tí ń bọ̀. Àwọn ìyá mẹ́ta tí mo sọ̀rọ̀ wọn ti gbà láti wá, wọ́n ní kí n má gbàgbé ẹ̀gúsí, nítorí ọwọ́ tí ó dilẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹnu wọn yọ̀.

Kí á tó ṣe èyíkéyìí nínú èyí, iṣẹ́ kan wà tí olúkúlùkù lè ṣe lálẹ́ òní. Bí ìyá tàbí bàbá yín bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn kan tí ẹ ti gbọ́ rí, ẹ má ṣe sọ ohun tí mo sọ fún ìyá mi. Ẹ gbé ojú kúrò lára ohun tí ẹ ń ṣe, kí ẹ bi wọ́n pé, "Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

Ìlú Òtu yóò máa tòrò, yóò sì máa tẹ̀ síwájú.